Orí Kẹjọ: Kọ̀ǹpútà Lọ́wọ́ Olùkọ́, láti Babbar Kasuwa dé Kíláàsì

Èròńgbà

Nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ka orí yìí tán, ó yẹ kí ó lè:

- yẹ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ àti fíláàṣì wò dáadáa kí ó tó sanwó;
- dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ ooru, eruku àti iná tí kò dúró sójú kan;
- tẹ Yorùbá àti Haúsá pẹ̀lú gbogbo àmì wọn;
- fi ìwé ìṣirò ro máàkì kíláàsì kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin;
- kó ohun èlò ẹ̀kọ́ tí kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì jọ;
- fi ẹ̀dà iṣẹ́ pamọ́, kí ó sì bo àṣírí àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ.

8.0 Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ agùnbánirọ̀ tí wọ́n bá gbé lọ sí ìpínlẹ̀ Sókótó, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Wọ́n á ti àgọ́ NYSC ní Wamakko fọ́n ká sí ilé ẹ̀kọ́ ìgboro àti ti ìletò. Kí ọmọ Ìbàdàn tàbí ọmọ Àkúrẹ́ tó mọ orúkọ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, yóò ti mọ ọ̀nà Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú Sókótó. Níbẹ̀ ni yóò ti ra garawa àti ẹní. Ọjà náà ni yóò gbà lọ nígbà tí ṣájà bá jó, tí fíláàṣì bá sọnù, tàbí tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ bá ní kí wọ́n tẹ ìbéèrè ìdánwò wá kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ni orí yìí mú ṣe àpẹẹrẹ. Iná ń lọ, ó ń bọ̀. Ooru ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè lọ nígbàkigbà, owó ọwọ́ rẹ̀ sì níwọ̀n. Ìdí nìyí tí orí yìí fi gbé ohun tó ṣeé lò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú ohun tí kò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ ní Sókótó yóò ṣiṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn, ní Ìkọ̀lé àti ní Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin.

8.1 Kí Owó Tó Kúrò Lápò

Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ni èyí tí ẹlòmíràn ti lò ní òkè òkun kí ó tó dé ọjà wa. Òun ni agbára ọ̀pọ̀ olùkọ́ ká, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ara ẹ̀rọ lè máa dán kí inú rẹ̀ sì ti gbó. Ọlọ́jà lè búra títí. Kọ̀ǹpútà gan-an ni kí olùkọ́ bi léèrè.

Bátìrì ni kí ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Kí ó yọ ṣájà, kí ó ṣí Command Prompt, kí ó tẹ *powercfg /batteryreport*, kí ó sì tẹ Enter. Windows yóò kọ ìròyìn kan sílẹ̀, yóò sì sọ ibi tó fi í sí. Chrome tàbí Edge lè ṣí i. Nọ́mbà méjì ló ṣe kókó nínú rẹ̀. Design Capacity ni agbára tí bátìrì ní nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́, Full Charge Capacity sì ni èyí tó kù lára rẹ̀. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 50,000 tí èkejì sì jẹ́ 20,000, ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ló kù: bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ fún wákàtí márùn-ún tẹ́lẹ̀ kò ní kọjá wákàtí méjì mọ́. Ẹni tó bá fi ìròyìn yìí han ọlọ́jà ti rí ohun tí yóò fi ná ọjà, nítorí owó bátìrì tuntun yẹ kó kúrò nínú iye tí yóò san.

Lẹ́yìn bátìrì ni RAM àti àká. RAM ni ibi tí kọ̀ǹpútà ń tẹ́ iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Bí ẹ̀rọ bá kú lójijì, ohun tí a kò tíì fi pamọ́ bá a lọ. Àká ni ibi tí fáìlì ń gbé títí a ó fi pa á rẹ́. Oríṣi àká méjì ló wà lọ́jà: hard disk, tó ní abala tó ń yí nínú, àti SSD, tí kò ní ohunkóhun tó ń yí. SSD yára púpọ̀, jìgìjìgì orí ọ̀kadà kì í sì í tètè bà á jẹ́. Fún iṣẹ́ olùkọ́, RAM 8 GB pẹ̀lú SSD 256 GB tó láti lò. 4 GB yóò máa wọ́. Olùkọ́ tó bá ti ní kọ̀ǹpútà oní-hard-disk tẹ́lẹ̀ kò ní láti sáré ra òmíràn, nítorí fífi SSD rọ́pò hard disk nìkan lè gba ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wíwọ́.

Windows náà ń fẹ́ àyẹ̀wò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn Windows 10 dúró. Windows 11 ń béèrè RAM 4 GB ó kéré tán, àká 64 GB, àti ohun ààbò kan nínú ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0; láàárín àwọn kọ̀ǹpútà oní-Intel, ìran kẹjọ ni ó sábà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí olùkọ́ tẹ *tpm.msc* sínú àpótí Run, kí ó wò ó bóyá 2.0 ló wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àdànù, bí owó rẹ̀ bá ti wálẹ̀. Linux Mint jẹ́ ọ̀fẹ́, kì í sì í ni ẹ̀rọ àgbà lára. LibreOffice tó máa ń bá a wá ń ṣí fáìlì Word àti Excel. Ohun tó burú ni kí wọ́n fi Windows ayédèrú sí i lórí káńtà, torí ẹ̀yìn irú rẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì sábà máa ń gbà wọlé.

Kí olùkọ́ tó dìde níwájú ọlọ́jà, kí ó ṣí Notepad, kí ó sì tẹ gbogbo lẹ́tà orí kíbọọ̀dù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ èyí tí kò ṣiṣẹ́.

Fíláàṣì ló ń mú èèyàn jù. Wọ́n lè kọ 128 GB sí i lára, kí Windows pàápàá máa pè é bẹ́ẹ̀, kó sì jẹ́ pé 8 GB péré ló wà nínú rẹ̀. Yóò máa gba fáìlì bí ẹni pé kò sí nǹkan. Lẹ́yìn 8 GB, ohun tó bá tún wọlé ti sọnù nìyẹn, orúkọ fáìlì nìkan ni yóò kù. H2testw, áàpù ọ̀fẹ́ kan tó wá láti Jámánì, ló ń tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀: yóò kọ nǹkan kún fíláàṣì dé ẹnu, yóò sì kà á padà láti mọ èyí tó kù àti èyí tó ti lọ. Ó ń gba àkókò. Ọjọ́ tí wọ́n rà á náà ni kí wọ́n ṣe é, nígbà tí ọlọ́jà ṣì mọ ojú ẹni tó rà á.

8.2 Ooru, Eruku àti Iná

Láàárín oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún, ooru ọ̀sán ní Sókótó sábà máa ń kọjá ìwọ̀n 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Apple ní kí wọ́n má lo kọ̀ǹpútà alágbèéká òun níbi tó bá gbóná ju 35 lọ. Olùkọ́ kò lè pàṣẹ fún oòrùn, ṣùgbọ́n ó lè fi iṣẹ́ ńlá bíi títẹ ìbéèrè ìdánwò sí àárọ̀ tàbí alẹ́. Bátìrì lithium, irú èyí tó wà nínú fóònù àti kọ̀ǹpútà, ń pàdánù agbára rẹ̀ títí láé bí ó bá ń gbóná lemọ́lemọ́. Kò yẹ kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tó wà lóòrùn, tàbí kí wọ́n lò ó lórí tìmùtìmù tó dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n yọ ṣájà ní nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọyẹ́ ń gbé eruku aṣálẹ̀ Sàhárà wá, eruku náà sì ń dí fáànù inú ẹ̀rọ. Aṣọ ìbora wúlò nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń sinmi. Nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, aṣọ yẹn di ìkòkò tí a dé lórí iná.

Ní ti iná, UPS ni àpótí oníbátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí olùkọ́ lè fi iṣẹ́ pamọ́. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì nílò rẹ̀. Alágbèéká ní bátìrì tirẹ̀. Bí wọ́n bá tan jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n jẹ́ kí ohùn rẹ̀ balẹ̀ kí wọ́n tó ki nǹkan bọ iná.

Oòrùn kan náà tó ń ba bátìrì jẹ́ lè bọ́ ọ. Ìṣirò rẹ̀ kò le. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ wáàtì 45 fún wákàtí 4 yóò jẹ 45 × 4, ìyẹn wáàtì-wákàtí 180. Páánẹ̀lì sólà oní-wáàtì 100 tó rí oòrùn gidi fún wákàtí 5 lè mú 500 wá lórí ìwé. Bí ìdajì rẹ̀ bá tilẹ̀ ṣòfò nínú wáyà, eruku àti bátìrì, 250 tó kù ṣì tó kọ̀ǹpútà náà àti fóònù méjì kan.

8.3 Títẹ Yorùbá àti Haúsá

Ìbéèrè ìdánwò Yorùbá tí kò ní àmì ohùn kò ṣeé dáhùn déédéé: "igba" láìlámì lè jẹ́ igbá, ìgbà tàbí 200. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣì ń tẹ ìbéèrè láìlámì kí wọ́n tó wá fi bírò fa àmì sí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí ìwé bá jáde nínú ẹ̀rọ.

Unicode ni ètò àgbáyé tó fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́mbà tirẹ̀, kí lẹ́tà tí wọ́n tẹ̀ ní Sókótó má bàa yí padà nígbà tó bá dé Òṣogbo. Ọdún 1991 ni ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tí kò tẹ̀ lé e ló fà á tí lẹ́tà bíi ẹ fi ń di àpótí kékeré tàbí lẹ́tà àjèjì bí wọ́n bá gbé fáìlì sórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Nínú Microsoft Word, nọ́mbà Unicode pẹ̀lú Alt+X ń mú lẹ́tà jáde láìfi áàpù kankan kún un:

- ẹ 1EB9, Ẹ 1EB8
- ọ 1ECD, Ọ 1ECC
- ṣ 1E63, Ṣ 1E62
- àmì ohùn òkè 0301, àmì ohùn ìsàlẹ̀ 0300
- lẹ́tà Haúsá: ɓ 0253, ɗ 0257, ƙ 0199

Láti rí ẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ 1EB9, kí ó di Alt mú, kí ó tẹ X. Lẹ́tà ẹ yóò jáde. Kí ó wá tẹ 0301, kí ó tún ṣe Alt+X. Àmì yóò gun orí rẹ̀. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Bí lẹ́tà tó ṣáájú nọ́mbà bá wà láàárín a sí f, Word yóò kà á mọ́ nọ́mbà náà, nǹkan mìíràn ni yóò sì jáde. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n fi máósì yan nọ́mbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà nìkan kí wọ́n tó tẹ Alt+X. Fún á, í, ú àti irú wọn, ọ̀nà tó yá jù ni Ctrl pẹ̀lú ' lẹ́yìn náà kí wọ́n tẹ lẹ́tà. Fún à, ì, ù, Ctrl pẹ̀lú ` ni.

Iṣẹ́ yìí kò ní láti tún ara rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́. AutoCorrect, tó wà lábẹ́ File, Options, Proofing, ń gba ìgékúrú: bí wọ́n bá kọ́ ọ pé *akk* ni "akẹ́kọ̀ọ́", pé *olk* sì ni "olùkọ́", Word yóò máa pààrọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Olùkọ́ tó bá kó ogójì ọ̀rọ̀ tó ń lò jù sínú rẹ̀ lọ́jọ́ kan ti ra àkókò púpọ̀ sílẹ̀. Windows 10 àti 11 ní kíbọọ̀dù Yorùbá àti ti Haúsá tí wọ́n lè fi kún un láti ibi ètò èdè. Gboard náà ní méjèèjì lórí fóònù.

8.4 Máàkì Láìfi Kakulétọ̀

Ìwé ìṣirò ni fáìlì tó pín sí òpó àti ìlà, irú èyí tí Excel, LibreOffice Calc àti Google Sheets ń ṣe. Sẹ́ẹ̀lì ni ibi tí òpó àti ìlà ti pàdé: B2 ni ìlà kejì nínú òpó B. Fọ́múlà ni àṣẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì =, tó ń ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò.

Ká ní kíláàsì kan ní ọmọ 60. Orúkọ wà ní òpó A láti ìlà 2 dé 61. Ìdánwò ráńpẹ́ kìíní (20) wà ní B, èkejì (20) ní C, ìdánwò àṣekágbá (60) ní D. Ní E2, kí olùkọ́ tẹ:

=SUM(B2:D2)

Ọmọ tó gba 14, 16 àti 41 yóò rí 71 lójú ẹsẹ̀. Kí wọ́n di igun ìsàlẹ̀ ọ̀tún E2 mú, kí wọ́n fà á dé E61, iṣẹ́ ọmọ 60 parí.

Gírédì ni ó ń fẹ́ sùúrù. Bí WAEC ṣe ń pín in nìyí: A1 láti 75, B2 láti 70, B3 láti 65, C4 láti 60, C5 láti 55, C6 láti 50, D7 láti 45, E8 láti 40, F9 sì ni ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 40. Ní F2:

=IF(E2>=75,"A1",IF(E2>=70,"B2",IF(E2>=65,"B3",IF(E2>=60,"C4",IF(E2>=55,"C5",IF(E2>=50,"C6",IF(E2>=45,"D7",IF(E2>=40,"E8","F9"))))))))

Kọ̀ǹpútà ń kà á láti òsì: ó ń béèrè ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ibi tí ìdáhùn bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ni yóò dúró sí. Nítorí náà, gírédì tó ga jù ni kí ó ṣáájú. Bí olùkọ́ bá bẹ̀rẹ̀ láti 40, gbogbo ẹni tó yege yóò gba E8, ariwo yóò sì sọ. IF jẹ́ mẹ́jọ, àmì àkámọ́ ìparí náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ mẹ́jọ.

Ipò nínú kíláàsì ni =RANK(E2,E$2:E$61). Àmì $ ń so ìlà 2 àti 61 mọ́lẹ̀ kí wọ́n má bàa yẹ̀ nígbà tí a bá ń fa fọ́múlà lọ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ipò tí kò tọ̀nà nínú ìwé èsì, àìsí $ yìí ló fà á. =COUNTIF(F2:F61,"F9") yóò sọ iye ọmọ tó já.

Òdo àti àlàfo kì í ṣe ohun kan náà. Bí ọmọ kan kò bá wá ṣe ìdánwò, tí olùkọ́ sì kọ 0 sí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, AVERAGE yóò kà á mọ́ àwọn tó ṣe é, ìpíndọ́gba kíláàsì yóò sì wálẹ̀. Bí ó bá fi sẹ́ẹ̀lì náà sílẹ̀ lófo, tàbí tó kọ ABS, AVERAGE yóò fò ó. Data Validation tún lè kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti tẹ iye tó ju 60 lọ sí òpó D, kí 41 má bàa di 411 lọ́wọ́ ẹni tí oorun ń kùn.

8.5 Ilé Ìkàwé Tí Kò Nílò Dátà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, nígbà tí ìjọba ń lépa àwọn agbébọn, wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ní ìjọba ìbílẹ̀ 14 nínú 23 tó wà ní ìpínlẹ̀ Sókótó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mélòó kan já ní etíkun Côte d'Ivoire, íntánẹ́ẹ̀tì sì fà tàbí kú pátápátá ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Nàìjíríà pẹ̀lú. Olùkọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan kò ní ẹ̀kọ́ láti kọ́ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Sókótó ti mọ ọ̀nà mìíràn tipẹ́. Nana Asma'u (1793–1864), ọmọ Shehu Usman dan Fodio, ń sọ ẹ̀kọ́ di ewì ní èdè Lárúbáwá, Fúlàní àti Haúsá. Àwọn obìnrin aṣáájú tí wọ́n ń pè ní jaji ń kọ́ ewì náà sórí, wọ́n á sì gbé e padà lọ kọ́ àwọn obìnrin abúlé wọn. 'Yan Taru ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn. Ẹ̀kọ́ ń bá ènìyàn rìn dé ibi tí kò sí ilé ìwé. Fíláàṣì inú àpò olùkọ́ lè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lónìí.

Ohun èlò ọfúláìnì ni èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú wọn ni Kiwix, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, tó ń di odidi Wikipedia sínú fáìlì kan. Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwòrán ju 100 GB lọ, ṣùgbọ́n ti Yorùbá kéré tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù lásán lè gbà á. Kí olùkọ́ ka ojú ewé kọ̀ọ̀kan kí ó tó fi kọ́ni, nítorí ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan sí Wikipedia, àmì ohùn inú ti Yorùbá kò sì fìgbà gbogbo péye.

Kolibri, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ Learning Equality, ní fídíò àti ìdánrawò, ti Khan Academy pẹ̀lú. Agbára rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè di orísun fún gbogbo kíláàsì: wọ́n á fi í sórí kọ̀ǹpútà olùkọ́, wọ́n á tan Wi-Fi láìsí dátà, fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ yóò sì máa fà á láti ibẹ̀. Fún sáyẹ́ǹsì, àwọn àfihàn orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní PhET wà, tí Carl Wieman, ẹni tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú fisíìsì, dá sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní 2002. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní bátìrì, gílóòbù àti wáyà nínú yàrá àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì lè fi í so iná lórí ojú kọ̀ǹpútà, kí àwọn ọmọ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wáyà bá já. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àfihàn rẹ̀ ṣeé gbà sílẹ̀, kí wọ́n sì ṣí i bí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn olùkọ́ ìṣirò ní irú rẹ̀ tiwọn, GeoGebra.

Nigeria Learning Passport, tí Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́, UNICEF àti Microsoft gbé kalẹ̀ ní 2022, ló bá ìwé ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà mu jù nínú gbogbo wọn, ó sì ní apá tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí Wi-Fi bá wà, ní yunifásítì tàbí ní ilé ọ̀rẹ́, ni kí wọ́n ti gba àwọn nǹkan ńlá wọ̀nyí sílẹ̀. Lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbogbo ní Nàìjíríà, *312# ni wọ́n fi ń ra dátà, *323# sì ni wọ́n fi ń wo èyí tó kù.

8.6 Ohun Tí Nàìjíríà Ti Gbìyànjú

Ní 2007, ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima ní Àbújá gba kọ̀ǹpútà kékeré aláwọ̀ ewé tí ètò One Laptop per Child ṣe. Ìjọba àpapọ̀ ti kọ́kọ́ ní òun yóò ra mílíọ̀nù kan. Rírà yẹn kò wáyé. Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ní 2013, Gómìnà Rauf Aregbesola ṣí Ọpọ́n Ìmọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun: tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà, tí ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ti wà nínú rẹ̀, tí kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ètò EdoBEST ní ìpínlẹ̀ Edo, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, gba ọ̀nà mìíràn: olùkọ́ ló fún ní tábúlẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú àlàyé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ó yẹ ká wo ìyàtọ̀ àwọn ètò wọ̀nyí dáadáa. Galadima àti Ọpọ́n Ìmọ̀ fi ẹ̀rọ lé ọmọ lọ́wọ́. EdoBEST fi lé olùkọ́ lọ́wọ́. Èyí ìkẹyìn ló sún mọ́ ipò ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa jù, torí ó rọrùn láti gba iná àti àtúnṣe fún ẹ̀rọ olùkọ́ kan ju ti ogójì ọmọ lọ.

Ìgbìyànjú mìíràn ni ti ọgbọ́n àtọwọ́dá, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń fèsì sí ìbéèrè bí ẹni pé ènìyàn ni. Ní 2024, Báǹkì Àgbáyé dán an wò ní Benin City: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ọmọ SS1 ń fi Copilot, ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, kọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn àkókò ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ sì ń tọ́ wọn sọ́nà nínú yàrá. Ìròyìn Báǹkì náà ní máàkì àwọn tó kópa gòkè. Olùkọ́ lè fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wá ìbéèrè ìdánrawò tàbí kí ó mú àlàyé rọrùn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà lè sọ irọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, ó sì máa ń ṣi àmì ohùn Yorùbá fi sí. Kò yẹ kí èsì rẹ̀ dé iwájú ọmọ láìgba ojú olùkọ́ kọjá.

Ìdánwò pàápàá ti bọ́ sórí ẹ̀rọ: JAMB, àjọ tó ń ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ní 2013, ó sì sọ ọ́ di dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ní 2015. Ọmọ tó jẹ́ pé ọjọ́ ìdánwò náà ló kọ́kọ́ di máósì mú ti pàdánù àkókò kí ó tó ka ìbéèrè kìíní.

8.7 Ìpamọ́ àti Àṣírí

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2021, iná jó ọjà ńlá Sókótó, ọ̀pọ̀ ìsọ̀ sì di eérú. Ìwé gbèsè tàbí kọ̀ǹpútà tó bá wà nínú ìsọ̀ nìkan, tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn, kò sí ọ̀nà láti gbà á padà. Ọ́fíìsì ilé ẹ̀kọ́ kò yàtọ̀ sí èyí.

Ẹ̀dà àfipamọ́ ni ẹ̀dà kejì tàbí kẹta fáìlì tó wà níbòmíràn. Òfin 3-2-1, tí ayàwòrán ará Amẹ́ríkà, Peter Krogh, sọ di mímọ̀, wí pé: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí ohun ìpamọ́ oríṣi méjì, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Ti olùkọ́ lè jẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, fíláàṣì kan tó wà nílé, àti Google Drive, tó ń fún olúkúlùkù ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Máàkì kíláàsì kan kì í tó MB kan. Dátà rẹ̀ kò tó nǹkan. Kí orúkọ fáìlì ní ọdún, kíláàsì àti sáà nínú, bíi *2025_JSS2B_Saa1*, kí ó má jẹ́ *máàkì tuntun ìkẹyìn gangan*.

Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 bo àkọsílẹ̀ ọmọdé. Orúkọ, nọ́mbà òbí, àìsàn àti èsì ìdánwò kì í ṣe ohun tí wọ́n ń jù sí WhatsApp gbogbo òbí. Èsì ọmọ kọ̀ọ̀kan ni kí òbí rẹ̀ rí. Word àti Excel ní ọ̀nà láti fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti fáìlì: File, Info, Protect, Encrypt with Password. Ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ kò ní rí fáìlì náà ṣí mọ́, nítorí náà kí ó kọ ọ́ sí ibi ìkọ̀kọ̀ kan tí kì í ṣe ara kọ̀ǹpútà.

Kókó Orí Yìí

Àyẹ̀wò ló ṣáájú owó nínú ríra ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Ooru àti eruku ń pa ẹ̀rọ, Unicode ń mú àmì Yorùbá àti Haúsá dúró, fọ́múlà mẹ́rin sì tó láti ro máàkì kíláàsì kan. Kiwix, Kolibri àti PhET ń ṣiṣẹ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Àkọsílẹ̀ kò sì gbọdọ̀ wà ní ibì kan ṣoṣo.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàárín RAM àti àká. Èwo ni ó ń sọ ohun inú rẹ̀ nù bí ẹ̀rọ bá kú?
2. Ìròyìn bátìrì kan fi Design Capacity 48,000 hàn àti Full Charge Capacity 30,000. Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ló kù? Ṣé o máa rà á? Sọ ìdí.
3. Kọ̀ǹpútà kan ń jẹ wáàtì 65. Wáàtì-wákàtí mélòó ni yóò jẹ ní wákàtí 3? Ṣé páánẹ̀lì tí àpẹẹrẹ 8.2 sọ lè gbé e?
4. Fi Alt+X tẹ gbólóhùn yìí nínú Word: "Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣe ọ̀rọ̀ ìyànjú." Kọ nọ́mbà Unicode tí o lò sílẹ̀.
5. Ọmọ mẹ́ta gba (12, 15, 33), (18, 19, 50) àti (9, ABS, 28). Fi ìwé ìṣirò wá àpapọ̀ àti gírédì wọn. Kí ni yóò yí padà nínú ìpíndọ́gba òpó C bí o bá kọ 0 dípò ABS?
6. Fi Ọpọ́n Ìmọ̀ wé EdoBEST ní ti ẹni tí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ rẹ̀, iná àti àtúnṣe.
7. Iṣẹ́ ẹgbẹ́: Ẹ gba Kiwix àti Wikipedia Yorùbá sílẹ̀ sórí fóònù kan. Ẹ pa dátà, ẹ wá ojú ewé kan tó bá ẹ̀kọ́ yín mu, ẹ sì tún àmì ohùn tí kò tọ̀nà nínú ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣe. Ẹ mú àtúnṣe náà wá sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.